Muniyandi Kò Mọ̀ Pé Ọdún Ni

Bodi,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, 2023

Anbu ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ìlú àwọn ará Jámánì ńkọ́? Èmi wà bí mo ṣe wà. Orúnkún ń dùn mí, ẹnu ò dùn mí, nítorí náà jókòó kí o ka èyí dáadáa.

Kọ̀ǹpútà tí o ní kí wọ́n rà fún mi ní Madurai ti dé. Ó tóbi tó àpótí ìrẹsì. Ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé, wọ́n sì mu kọfí mi tán kí wọ́n tó lọ. Mo gbé e sí pálọ̀, lábẹ́ àwòrán bàbá rẹ, kí ẹ̀gbọ́n mi náà lè máa wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fi owó ṣe. Mo tàn án. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, lẹ́tà funfun díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo kọ ohun tí o ní kí n kọ. Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo fi agbára kún un, mo gbá a létí. Ó dákẹ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè. Anbu, ṣé kọ̀ǹpútà tó ti kú ni wọ́n tà fún ọ? Gbogbo ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mi ò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ya odi tó báyìí rí.

Má rò pé eré ni mo ń bá ọ ṣe. O mọ bí ilẹ̀ Tamil níbí ṣe máa ń rí lásìkò yìí. Àwọn tó ń já elakkai, èso olóòórùn tá a ń fi sínú tíì, ti gun òkè lọ sí oko, wọ́n kó àwọn ọmọ wọn dání, wọn ò sì ní sọ̀ kalẹ̀ títí di ọdún Pongal nínú oṣù Kìíní. Thangapandi, ọ̀gá ilé ìwé, ti sọ ọ́ lójú mi pé ọmọ kíláàsì kẹwàá tí òun kò bá rí, òun á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú rẹ́jísítà, kò sì ní ṣe ìdánwò ìjọba. Mo ní, "Thangapandi, ṣé àwọn ọmọ yẹn ló ní kí ebi máa pa ilé wọn ni?" Ó ní òfin ni, Tíṣà. Mo ní tí mo bá wá ń kọ́ wọn láti inú ilé mi lójoojúmọ́ ńkọ́, tí mò ń rí wọn, tí wọ́n ń rí mi? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí ojú mi bá rí i, tí etí mi gbọ́ ọ, màá kọ ọ́ pé wọ́n wà."

Mallika wà lára wọn, ọmọ Pechiyammal tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Ọmọ náà mọ ìṣirò ju bí ìwọ ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tó o wà lọ́jọ́ orí rẹ̀ lọ, má bínú. Ìyá rẹ̀ ti ní tí orúkọ rẹ̀ bá fi lè kúrò nínú ìwé, kó kúkú so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ìbàdí kó máa já elakkai títí ọkọ á fi dé. Ọwọ́ rẹ ló kù sí o. Kọ́ kíláàsì náà fún mi sínú ẹ̀rọ yìí, kí n lè rí àwọn ọmọ mi.

Ọdún mẹ́rin lo ò tíì wálé. Mi ò sọ nǹkan kan.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ tó tọ́ ọ,
Sivakami Atthai


Dresden,
Ọjọ́ kẹẹ̀dógún, oṣù Kẹsàn-án

Atthai mi,

Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú orúnkún, ẹ kú wàhálà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá ẹ̀rọ yẹn létí mọ́. Kò kú. Bí Línúsì, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí ẹ bá ń tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, kò ní fi hàn yín rárá, kí ẹni tó bá dúró lẹ́yìn yín má baà kà á. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ńlá apá ọ̀tún, á gbà yín wọlé. Èmi náà ti ti ibí wọ inú rẹ̀ lánàá, gbogbo ara rẹ̀ ló le koko. Àwọn tó tà á kò rẹ́ wa jẹ.

Mo ti gbé ètò kíláàsì sórí rẹ̀. Àwọn èèyàn kan ló kọ ètò náà tí wọ́n fi ta ayé lọ́rẹ, a ò san kọ́bọ̀. Ojú yín á hàn nínú rẹ̀, ohùn yín á jáde, pátákó tí ẹ lè kọ̀wé sí wà níbẹ̀, ọmọ tó bá sì ní fóònù á kàn tẹ ojú kan, á bọ́ sínú kíláàsì.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe jẹun níbí. Ẹ jẹ́ kí n lo ti yín ṣàlàyé. Tí mo bá tún ibì kan kọ nínú ètò yìí, kì í ṣe pé màá máa fọwọ́ gbé e wá sórí ẹ̀rọ yín. Mo ní ìránṣẹ́ kan. Kì í ṣe èèyàn o, ètò ni òun náà. Gbàrà tí mo bá kọ nǹkan tán, á gbà á, á kan àwọn ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, á dán an wò. Tó bá rí àbùkù, á dá a padà fún mi. Tó bá dára, á gbé e wọ ẹ̀rọ yín, á pa kíláàsì, á tún un tàn kí ohun tuntun lè mú un. Kì í sùn, kì í jẹun, kì í béèrè owó oṣù.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́. Ẹ ní kí àwọn oníwáyà íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé wa ní àdírẹ́sì kan tí kì í yí padà. Ẹ má yọ ẹ̀rọ náà lára iná lójijì. Tí ẹ bá máa pa á, ẹ pa á bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì dákun, ẹ máa gbé fóònù yín. Mo mọ̀ pé lẹ́tà ìmeèlì yìí lẹ fẹ́ràn, pé ẹ ní ọ̀rọ̀ gidi kì í ṣe ohun tá a ń fi fóònù sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá pè tí ẹ ò gbé e, oríṣiríṣi ló ń sọ sí mi lọ́kàn.

"Mi ò sọ nǹkan kan" tí ẹ kọ yẹn, mo gbọ́ ọ. Ẹ ì bá kúkú lù mí.

Anbarasan yín


Bodi,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá

Anbu,

Mo kí ọ o, ọmọ tó ń kọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ìwọlé ti wọlé. Àwọn oníwáyà ti wá, ẹnu kò sì ṣàì bá wọn díẹ̀ kí wọ́n tó fún wa ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà.

Ìránṣẹ́ rẹ yẹn, mo ti sọ ọ́ ní Muniyandi, nítorí òrìṣà Muniyandi tó dúró pẹ̀lú idà lẹ́nu bodè abúlé wa náà kì í sùn. Bí iná ara ẹ̀rọ bá ti ń ṣẹ́jú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, mo mọ̀ pé ó ti dé, màá ní, "Muniyandi, káàbọ̀." O ní kì í béèrè owó oṣù. Ìwọ tí wọ́n ń san owó oṣù fún ńkọ́, ṣé wọn ò san ti ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ọn ni?

Ó yá, jẹ́ ká sọ ti kíláàsì. Awakọ̀ jíìpù tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sókè bá mi kó iṣẹ́ ìkọ̀wé dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, ó sì sọ ibi tí wọ́n á ti rí mi fún wọn. Ibì kan ṣoṣo ni fóònù ti ń mú ní gbogbo oko yẹn, iwájú ilé tí wọ́n ti ń sá elakkai. Gbogbo wọn kóra jọ síbẹ̀, ọmọ márùn-ún márùn-ún sí fóònù kan. Anbu, ojú wọn yọ! Mallika, Selvi, àwọn ìbejì Karuppan, mo rí wọn kedere. Mo sunkún, mi ò ní í purọ́. Mo kí wọn. Wọn ò gbọ́. Àwọn náà ń la ẹnu, mi ò gbọ́. Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ, aládùúgbò sáré wọlé, ó gbé igi dání, ó rò pé olè ni. Nígbà tó yá, mo kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí, mo gbé e sókè, àwọn náà kọ tiwọn sórí síléètì. Bá a ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn, odi ń bá odi sọ̀rọ̀.

Thangapandi wá wò ó. Ó ṣe ẹnu ṣótó, ó ní, "Tíṣà, èyí kì í ṣe kíláàsì. Fọ́tò ni." Mo fẹ́ fi rúlà gbá a bí mo ṣe máa ń gbá a nígbà tó wà ní kíláàsì kẹfà. Ó ní ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ àgbègbè wa, Madam Gomathi, ń bọ̀ wá wò ó ní àárọ̀ Vijayadasami, ọjọ́ tí ohunkóhun téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ máa ń yọrí sí rere. Tí obìnrin náà kò bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ kí ọmọ dáhùn, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á pa orúkọ gbogbo wọn rẹ́. Mallika náà á lọ nìyẹn.

Wá ohùn fún mi, Anbu. Ọdún Saraswati, òrìṣà ìmọ̀, ló ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò ní sí kíláàsì. Gbogbo ọjọ́ tó kù la ń ṣe é.

Atthai rẹ


Dresden,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹwàá

Atthai mi,

Mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀ ojú irin, mo sì rẹ́rìn-ín Muniyandi débi pé obìnrin tó jókòó tì mí dìde lọ síbòmíì.

Mo ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí àwòrán ń gbà wọlé kọ́ ni ohùn ń gbà. Fóònù tí àwọn ọmọ ń lò lókè yẹn, àwọn iléeṣẹ́ fóònù ti ti ilẹ̀kùn ohùn rẹ̀ pa pátápátá. Mo ní láti kọ́ agbódegbà kan sáàárín, tí yóò máa gba ohùn lọ́wọ́ wọn, tí yóò sì máa yọ́ gba ẹnu ọ̀nà àwòrán wọlé. Ó ṣeé ṣe. Àwọn ẹlòmíì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá kọ ọ́ tán ni Muniyandi yín ń jù ú padà sí mi lójú pé kò dára tó. Ó ti fẹ́ máa jọ yín.

Tó bá ti dára, mo nílò ọjọ́ kan tí kò sí kíláàsì, torí ó ní láti pa á kó sì tún un tàn. Ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ìdí tí mi ò fi wálé, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo bá ní kí n máa bọ̀, iṣẹ́ á ní rárá. Ẹ má jẹ́ ká máa jà lórí rẹ̀.

Anbarasan yín


Bodi,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá

Anbu,

Mi ò ráyè lẹ́tà gígùn. Ọ̀la lọdún ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án tó máa parí sí ti Saraswati ń bẹ̀rẹ̀, mò ń to àwọn ère kéékèèké sórí àtẹ̀gùn onípele, orúnkún mi ń ké. Ọjọ́ tó bá wù ọ́ ni kó o lò, kó ṣáà ti ṣáájú Vijayadasami. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Mo gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ jíìpù pé Pechiyammal ti ra apẹ̀rẹ̀ fún Mallika. Apẹ̀rẹ̀ tuntun, Anbu. Kò tiẹ̀ dúró kí ọjọ́ pé.

Ọmọbìnrin kan wà ní Cumbum, dókítà eyín ni, ara rẹ̀ balẹ̀, ó mọ orin kọ. Mi ò sọ nǹkan kan.

Atthai rẹ


Dresden,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹwàá, ọ̀sán

Atthai mi,

Ẹ kú ọdún! Ó ti bọ́ sí i! Agbódegbà ti ṣiṣẹ́, Muniyandi ti dán an wò, kò rí àbùkù kankan. Òní ni mo yàn, torí ẹ ti sọ pé kò sí kíláàsì lọ́jọ́ ọdún. Mo gbààyè níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín kò dáhùn. Ṣé iná ló lọ ni? Mo pe fóònù yín, wọ́n ní ó wà ní pípa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ náà kí ẹ sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀la ni Madam Gomathi ń bọ̀.

Anbu


Dresden,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹwàá, ìrọ̀lẹ́

Atthai,

Títí di ìsinsìnyí! Kò sí ẹ̀rọ, kò sí fóònù, kò sí èsì lẹ́tà. Mo pe aládùúgbò, òun náà kò gbé e. Ṣé gbogbo Bodi ti kú ni?

Mò ń bínú, mi ò sì ní fi pamọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀gá mi, tí mi ò rí oorun sùn? Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó wà ní títàn. Ẹyọ kan! Ẹ̀yin lẹ ní ọwọ́ mi ló kù sí. Ṣé ọwọ́ mi ló wá pa á báyìí? Bí wọ́n bá pa orúkọ àwọn ọmọ yẹn rẹ́ lọ́la, ẹ má sọ pé Anbu ló fà á.

Mo ti sọ fún Muniyandi yín kó máa kan ilẹ̀kùn láti ìgbà dé ìgbà. Ìgbà tó bá ti bá a ní ṣíṣí, kó wọlé kó ṣe iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí agbára mi ká mọ nìyẹn.

Àyà mi ń já, Atthai. Bóyá ara yín ni kò yá, èmi sì wà níhìn-ín tí mò ń pariwo lé yín lórí. Ẹ ṣáà dáhùn.

Anbu


Dresden,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹwàá, òwúrọ̀

Atthai mi àtàtà!

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, mo sì ṣí ẹ̀rọ mi, ohun tí mo rí ni àmì aláwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀: Muniyandi ti wọlé, ó ti ṣe gbogbo rẹ̀, kò ku ẹyọ kan! Ẹ̀rọ yín wà láàyè, a jẹ́ pé ẹ̀yin náà wà láàyè. Mo jó nínú yàrá níbí. Ohùn ti wà, Atthai! Ẹ sọ fún Madam Gomathi kó máa bọ̀!

Ẹ gbàgbé ohun tí mo kọ lánàá. Ebi ló ń pa mí.

Anbu yín


Bodi,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹwàá, ìrọ̀lẹ́

Anbarasan,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ebi, àbí? Ẹni tí ebi ń pa ló ń béèrè bóyá gbogbo Bodi ti kú? Mo ti dárí jì ọ́, nítorí ìlà ìparí lẹ́tà kejì yẹn. Ṣùgbọ́n jókòó o, kí n bi ọ́ léèrè.

Ọjọ́ wo ni àná? Sọ ọ́ fún mi. Ìwọ Anbu, tó jẹ́ pé nígbà kékeré rẹ, ìwé ìṣirò lo máa ń kọ́kọ́ sáré gbé síwájú Saraswati kí ẹnikẹ́ni má baà ní kó o ká a! Ọ̀nà ló jìn ni, àbí òtútù ló wọ̀ ọ́ lágbárí? Àná, bíríkìlà kan ò fọwọ́ kan ṣọ́bìrì ní gbogbo Bodi. Awakọ̀ jíìpù fọ jíìpù, ó so ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn níwájú, ó gbé e sílẹ̀. Télọ̀ ti ẹ̀rọ ìránṣọ pa. Irinṣẹ́ tó sin èèyàn láti ọdún dé ọdún, ọjọ́ kan ló ní láti fi sinmi, ká sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà bí o ṣe kọ́ mi, mi ò fà á yọ. Mo nù ún, mo fi ìyẹ̀fun igi olóòórùn àti àtíkè pupa sí i níwájú orí, mo gbé òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn, ó wuyì ju ọkọ ìyàwó lọ. Fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti aládùúgbò náà wà níwájú òrìṣà tirẹ̀. Ta ni ìwọ rò pé ó máa gbé e? Mo ní kò sí kíláàsì lọ́jọ́ ọdún, ìwọ gbọ́ pé ẹ̀rọ wà nílẹ̀. Ìlú àwọn ẹlẹ́rọ tó ò ń gbé yẹn ti ń kọ́ ọ ní nǹkan o.

Ó dáa. Gbọ́ bí àárọ̀ yìí ṣe rí.

Mo jí, mo wẹ̀, mo gbàdúrà, mo sọ òdòdó kalẹ̀, mo tan ẹ̀rọ. Thangapandi mú Madam Gomathi dé. Obìnrin náà ga, kì í rẹ́rìn-ín, ó fi àpò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ bí ẹni tó ti fẹ́ máa lọ. Mo ṣí kíláàsì. Àwọn ọmọ yọ, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti fi òróró pa irun, wọ́n dúró níwájú ilẹ̀kùn ńlá ilé tí wọ́n ti ń sá elakkai. Kò sí ohùn. Madam ní, "Tíṣà, ṣé wọn kì í sọ̀rọ̀ ni?" Mo ní wọ́n ń sọ ọ́, etí wa ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Thangapandi wo òkè àjà.

Mo kọ ìbéèrè sórí pátákó: igi kan dúró, òjìji rẹ̀ gùn tó báyìí, oòrùn wà ní ibi báyìí, báwo ni igi náà ṣe ga tó? Àwọn ọmọ tẹ orí ba síléètì. Ìgbà yẹn ni mo rí i tí iná ara ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu, mo ní, "Muniyandi, káàbọ̀." Madam ní, "Ta ni Muniyandi?" Kí n tó dá a lóhùn, ojú gbogbo ọmọ ti pòórá. Funfun báláú ló kù.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ rẹ kò gbọ́ òwe yẹn rí. O ní kó wọlé nígbàkígbà tó bá bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ó bá a ní ṣíṣí, ó sì wọlé, kò wo ẹ̀yìn, kò wo àlejò. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé ọdún ni. Ìgbà tí ìwọ ń sùn nílẹ̀ Jámánì, ó pa kíláàsì mọ́ mi lójú níwájú ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́.

Thangapandi wúkọ́. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó yọ bírò. Madam fa àpò rẹ̀ lé apá. Mò ń wo bírò yẹn, apẹ̀rẹ̀ tuntun yẹn ni mò ń rí. Mo ní, "Madam, ẹnikẹ́ni kì í kúrò nílé mi lọ́jọ́ Vijayadasami láìjẹ sundal." Ọmọ Tamil wo ló máa kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ọdún? Ó jókòó. Mo bu ẹ̀wà àti àgbọn sínú ewé, mo bù ú kún. Ó jẹ ẹ́. Mo tún bù ú. Ó ní ó ti tó, mo ní kò tíì tó. Thangapandi jẹ tirẹ̀ títí òsúkè fi mú un. Ojú mi wà lára ẹ̀rọ, mò ń bẹ Saraswati, mò ń bẹ Muniyandi ti ẹnu bodè, mo tiẹ̀ bẹ tìrẹ náà.

Ló bá dún, tíń. Orúkọ àkọ́kọ́ wọlé. Òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ yẹn kò lọ síbì kankan o. Láti ìgbà tí ojú mi ti kúrò lójú wọn ni wọ́n ti tẹ fóònù wọn kó máa wá kíláàsì, wọ́n sì gbé e kalẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohùn ló kọ́kọ́ dé kí àwòrán tó dé. Ariwo afẹ́fẹ́ òkè, ajá kan ń gbó, ọmọbìnrin kan sì ń pariwo: "Rárá o, Selvi! Gíga igi ló ń wà lókè, òjìji ló ń wà nísàlẹ̀! Orí ta lo gbé wá sí kíláàsì?" Anbu, ohùn tèmi gan-an ni. Bí mo ṣe máa ń bá wọn wí gẹ́lẹ́ ni.

Àwòrán wá là. Ẹ̀yìn Mallika la rí. Ó ti mú ẹ̀fun, ó ti sọ ilẹ̀kùn ilé elakkai di pátákó, ó ń ṣe ìṣirò náà lọ, àwọn tó kù sì jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí fóònù, òun ni wọ́n ń wò. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé a ti dé.

Madam gbé ewé sundal rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ọ̀kan lára àwọn tí ẹ wá pa orúkọ wọn rẹ́ ni."

Ó kọjú sí Thangapandi, ó ní, "Ẹ máa pe orúkọ wọn. Ẹni tó bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ pé ó wà. Lónìí, àti lójoojúmọ́ tó bá ti wọ kíláàsì yìí, títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀." Thangapandi, tí òsúkè ṣì ń bá jà, bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Selvi ní òun wà. Àwọn ìbejì Karuppan dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí wọ́n máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kàn ń fi etí aṣọ sari mi nu ojú.

Nígbà tó kan Mallika, ọmọ náà kò tiẹ̀ yíjú. Ó ní, "Mo wà, sà," ó sì kọ ìlà tó kàn.

Atthai rẹ,
Sivakami